Ìlérí Tí Limota Fi Sí Kóòṣì Lẹ́nu

Limota máa ń sọ pé nígbà tí òun gba makirofóònù lọ́jọ́ yẹn, òun ò ní ibi kankan lọ́kàn. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀, Israel ló sì gbìn ín síbẹ̀.

Israel ni olórí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àpáta, ní Ọ̀kà Àkókó. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó bá Limota ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ láàárọ̀, ó wá ibi jókòó láì gbàṣẹ.

"Màmá, wọ́n ti mú àlejò wá o. Ará Òkénè. Wọ́n lé Badmus yín, wọ́n lọ mú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá."

"Mo ti gbọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún un."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Israel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tí wọ́n lé ọmọ yín? Àwọn èèyàn yìí ò mà nítìjú o!"

Òótọ́ ló sọ. Badmus, ọmọ Limota, ni kóòṣì Àpáta tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ kúrò nínú líìgì, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó yọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé e, ilé ló wà. Ó ń gbé fèrè kọ́rùn káàkiri àgbàlá bí ẹni pé wọ́n máa tó wá pè é.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí Limota, Ọ̀kà ló lọ́kọ sí, ṣùgbọ́n Òkénè ló ti ń ra aṣọ híhun tó ń tà láti ìgbà tó wà lọ́mọge. Ó gbọ́ èdè Ẹ̀bìrà bí ẹni pé wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ní kékeré.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín," Israel ní. "Kóòṣì tó bá ṣèlérí kékeré, kò sẹ́ni tó lè lé e. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé ife ẹ̀yẹ ni òun máa gbà, hà! Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú dáadáa, a ti dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Ta la máa wá pè nígbà náà?"

"Kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé òmùgọ̀ ni?"

"Kó má sọ ọ́ kẹ̀." Israel dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ta ló máa gbọ́ ohun tó sọ, bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ó bá tirẹ̀ lọ. Limota ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká.

Ẹ ní láti mọ bí àwọn ará Àpáta ṣe ń gba kóòṣì. Wọn kì í ka ìwé tó bá fọwọ́ sí sí nǹkankan. Àpáta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn. Bí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ ni kóòṣì máa gùn, níṣojú gbogbo ayé, yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òun máa ṣe lọ́dún náà. Ohun tó bá sọ níbẹ̀ ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Bó bá sọ díẹ̀, tó ṣe díẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bó bá sọ púpọ̀, tí kò ṣe é, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Muhydeen, àlejò ará Òkénè náà, gun àpáta lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin gíga ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń tiro díẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tó gbá nígbà èwe. Kò kàwé púpọ̀, Pidgin tó gbọ́ ò ju ti orí pápá lọ, ó sì ní ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, òun ò lè fi Pidgin sọ ọ́. Èdè ìyá òun ni òun máa sọ.

Tíṣà Ezekiel, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, gbé makirofóònù lé Limota lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti na fóònù wọn sókè, wọ́n ń ya fídíò.

Muhydeen sọ̀rọ̀, Limota sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ó ní: "Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ti wo àwọn ọmọ yìí. Wọn ò tíì lè sáré dé òpin ìdajì kejì. Lọ́dún yìí, kí a má já bọ́ ni iṣẹ́ tí mo gbà. Bí a bá dúró sí àárín, ẹ bá mi dúpẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá bi mí nípa ife."

Ó dákẹ́. Gbogbo pápá yíjú sí ògbufọ̀. Wọ́n ń wo ẹnu Limota.

Limota gbójú sókè, ó rí Badmus lẹ́bàá òpó góòlù. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ó ní òun ò ní parọ́ fún yín," Limota bẹ̀rẹ̀. "Ó ní òun ti wo àwọn ọmọ yìí."

Òótọ́ ni, títí débẹ̀. Ó lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

"Ó ní ife ni òun bá wá. Lọ́dún yìí! Ó ní bí òun ò bá gbé ife wá sórí àpáta yìí, kí ẹ lé òun jáde bí ajá."

Pápá hó yèè. Wọ́n ju fìlà sókè. Mọ́júbọ́lá, olórí àwọn obìnrin alátìlẹ́yìn, bẹ́ sókè bí ọmọdé. Israel nìkan ni kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo Limota.

Muhydeen gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹríba fún wọn. Ó tẹ̀ sétí Limota.

"Màmá, ọ̀rọ̀ mi tẹ́ wọn lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an."

"Mi ò mọ̀ pé àwọn ará ibí ní sùúrù tó báyìí," ó ní.

* * *

Wọ́n borí nínú ìdíje àkọ́kọ́. Wọ́n ta ọ̀mì nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá, ńṣe ni wọ́n ń fi góòlù bò wọ́n mọ́lẹ̀! Bí ẹ bá fi ohun tí Muhydeen sọ wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí wọ́n gbé e jó. Ohun tí Limota sọ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

"Ife dà?" Mọ́júbọ́lá kígbe láti ibi tó jókòó sí. "Ṣé ọ̀mì ni wọ́n ń bu sínú ife?"

"Ó ní kí a lé òun bí ajá," ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í pè é báyìí kó lè mọ orúkọ rẹ̀."

Ó bá gbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Elòmíì gbó. Kó tó dìgbà tí rẹfirí fọn fèrè, ìdajì pápá ló ń gbó bí ajá sí Muhydeen.

Ilé Limota ni Muhydeen ti ń jẹun alẹ́. Ta ni ìbá tún bá sọ̀rọ̀? Bó bá ti padà láti oko àwọn ará ilé rẹ̀, á gbé iṣu wá fún un. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìloro, á jẹun, á sì máa bi í léèrè bí ọmọ tó kọ́kọ́ dé ilé ìwé.

"Màmá, kí ló dé tí wọ́n ń gbó?"

Limota ń gún iyán. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

"Bí wọ́n ṣe ń yin kóòṣì níbí nìyẹn. Ajá ọdẹ ni wọ́n fi ọ́ wé."

Inú Muhydeen dùn. Ní ìdíje tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta ọ̀mì, pápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Muhydeen kọjú sí wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi ẹ̀rín sójú, ó sì gbó padà.

Ẹ̀rín pa àwọn kan ṣubú. Ṣùgbọ́n inú bí Mọ́júbọ́lá débi pé ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó jù ú sínú pápá.

"Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Ó parọ́ fún wa, ó tún ń gbó sí wa! Ìyá Badmus, ẹ sọ fún ẹran yìí ní èdè rẹ̀ pé orí rẹ̀ ò pé!"

Muhydeen wo Limota. "Kí ni ìyá yẹn sọ?"

"Ó ní o kú iṣẹ́."

"Bàtà ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ló dùn."

Muhydeen he bàtà náà, ó fi ọwọ́ nu ún, ó gbé e lọ fún Mọ́júbọ́lá, ó sì kúnlẹ̀ gbé e síwájú rẹ̀. Obìnrin náà pòṣé, ó gbà á, ó fi gbá a léjìká.

Limota mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Badmus ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀, ara rẹ̀ ti ń yá. Israel sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé, "Ọmọ ilé wa náà kúkú wà níbẹ̀." Irọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ta ló máa ń da omi sí iná nígbà tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń hó lọ́wọ́?

Ohun kan wà tí kò kíyè sí. Bí Muhydeen ò tilẹ̀ ní olùkọ́ Yorùbá, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sọ ọ́ létí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn tó dúró létí pápá náà kò dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, pápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, Muhydeen ò sì gbó padà. Ó kàn dúró, ó di ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun tán, ó kí Limota, ó lọ. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Kò tún bi í mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

* * *

Ẹgbẹ́ Ògbàgì ló nà wọ́n. Góòlù kan ṣoṣo, nígbà tí ìdíje fẹ́ parí. Wọ́n wà ní ipò kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, Àpáta ò tíì dé ipò kẹrin rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ipò. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sínú táǹkì alùpùpù kóòṣì, wọ́n sì sọ òun fúnra rẹ̀ lókùúta.

Muhydeen dé ẹnu ọ̀nà Limota pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú. Limota gbé omi gbígbóná wá, ó ń fi aṣọ nu iwájú orí rẹ̀. Nínú yàrá, Badmus ń lọ aṣọ kóòṣì rẹ̀, èéfín áyọ́ọ̀nù ń jáde sí wọn.

"Màmá," Muhydeen ní lédè Ẹ̀bìrà, "kí ni mo ṣe fún wọn?"

Ẹ wò ó, àwọn méjì péré ló wà ní ìloro náà. Ìbá sọ ọ́.

"Àwọn èèyàn burúkú ni wọ́n," Limota ní. "Ká ní èmi ni wọ́n ṣe irú èyí fún, mi ò bá ti padà sílé ìyá mi tipẹ́."

Muhydeen di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó nu ojú òun mọ́.

"Mi ò lọ," ó ní. "Mo sọ pé a ò ní já bọ́. A ò já bọ́. Kí ni mo fẹ́ máa sá fún?"

Limota fún aṣọ náà. Omi inú abọ́ ti pọ́n.

* * *

Ìdajì sáà pé, Tíṣà Ezekiel pe ìpàdé. Orí àpáta kan náà. Wọ́n fẹ́ wo ohun tí kóòṣì sọ, kí wọ́n wo ohun tó ṣe. Ọjọ́ náà, èèyàn pọ̀ ju ti ìdíje lọ. Badmus ti wọ aṣọ tó lọ̀. Israel ti gbé sípíkà wá.

"Alága, a ò ní bá a jiyàn," Israel ní. "Ẹnu rẹ̀ ló máa dá a lẹ́jọ́. Fídíò ọjọ́ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi."

Limota ò rántí fídíò náà rí.

Ohùn Muhydeen kọ́kọ́ jáde, lédè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn Limota: *Ife ni òun bá wá. Lọ́dún yìí! Kí ẹ lé òun jáde bí ajá.*

"Ẹ ti gbọ́!" Mọ́júbọ́lá kígbe. "Ife dà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

"Tún un ṣe," ẹnì kan ní.

Gbígbó náà dáwọ́ dúró, nítorí Muhydeen ló sọ ọ́. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Kò tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ kankan sí i fún Tíṣà. Àwọn ọmọ orí pápá ló kọ́ ọ, àwọn yẹn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà.

"Hẹ̀n?" Tíṣà Ezekiel ní.

"Tún fídíò ṣe. Ibi tí Màmá sọ̀rọ̀."

Wọ́n tún un ṣe. Muhydeen tẹ etí sí sípíkà, ó ń gbọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ kan àpá iwájú orí rẹ̀.

"Kóòṣì gbọ́ Yorùbá?" Israel ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀," Muhydeen ní. "Nígbà tí mo dé, mi ò gbọ́ ọ̀kan. Èébú yín ni mo fi kọ́ ọ. Olè. Òmùgọ̀. Ẹran. Orí ẹ ò pé. Mo mọ gbogbo ẹ̀." Ó yíjú sí Mọ́júbọ́lá. "Ìwọ ni tíṣà mi tó dáa jù."

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì.

Muhydeen gba makirofóònù, ó gbé e lé Limota lọ́wọ́, ó sì rọra yí padà sí èdè Ẹ̀bìrà.

"Mo máa sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Màmá, ẹ túmọ̀ rẹ̀. Mo máa gbọ́ yín lónìí."

Ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ò yàtọ̀.

Limota gbé makirofóònù sẹ́nu, sípíkà sì ń gbé ìró mímí rẹ̀ síta fún gbogbo ayé.

"Ó ní... ó ní òun ò ní parọ́ fún yín."

"A ti gbọ́ yẹn!"

"Ó ní... lọ́dún yìí, kí a má já bọ́ ni iṣẹ́ tí òun gbà. Ó ní bí a bá dúró sí àárín, kí ẹ bá òun dúpẹ́. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ tó bi òun nípa ife."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Muhydeen sọ gbólóhùn kan sí i.

"Kí ló sọ?" Tíṣà Ezekiel béèrè.

Limota yíjú sí Badmus.

"Ìyá Badmus, kí ló sọ?"

"Ó ní ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún yín lọ́jọ́sí mọ ohun tí òun sọ. Ó ní ó mọ̀ ọ́n mọ̀ yí i padà ni."

"Ta ni ẹni náà?"

"Èmi ni," Limota ní. Sípíkà gbé e dé ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bóyá ẹ rò pé wọ́n kúnlẹ̀ bẹ kóòṣì. Rárá o.

Wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí Limota. "Arúgbó èké!" "Tìtorí ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù!" Ó wo ojú Israel. Israel ń ká wáyà sípíkà.

"Israel, ìwọ lo sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù."

"Èmi kẹ̀? Màmá, mo kàn ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣé mo di ẹnu yín mú?"

Tíṣà Ezekiel gbé ọwọ́ sókè. "Ó dáa. A ti gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ gan-an. Ó ní àárín, ó sì gbé wa kọjá àárín. Tí a bá fi òdodo wọ̀n ọ́n, ó ti yege. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ."

"Rárá," Mọ́júbọ́lá ní.

"Ìyáàfin, kò ṣèlérí ife!"

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti ń retí ife láti ìgbà òjò. Gbogbo ilé mi ti ń retí rẹ̀. Ẹ wá ń sọ fún mi lónìí pé àárín ni kí n máa dúpẹ́ fún? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àárín? Ẹ wá ẹni tó máa gba ife."

"Ife la fẹ́!" ẹnì kan kígbe.

"Ife la fẹ́! Ife la fẹ́!"

Àwọn tó ti dákẹ́ bá wọn gbè é. Tíṣà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí ọwọ́ lọ sókè, ọwọ́ sì lọ sókè. Wọ́n lé Muhydeen, wọ́n sì mọ̀ pé kò jẹ̀bi.

Limota wo ọwọ́ tó bo pápá náà. Òtítọ́ tí òun ti sọ ò pa ìlérí náà. Ó ti di tiwọn.

Wọn ò pe Badmus. Ta ló máa gba ọmọ ẹni tó ṣe irú èyí? Nígbà tí Limota délé, aṣọ kóòṣì náà wà nílẹ̀, fèrè wà lórí rẹ̀.

"Ta ló rán yín?" Badmus ní. Kò pariwo. "Tíṣà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí àlejò yìí bá kọ́ àwọn ọmọ náà tán, èmi ni òun máa fi ṣe igbákejì rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń sáré láàárọ̀ nìyẹn, ìyá mi. Ẹ̀yin ò bi mí."

Kò bi í lóòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jà fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì rán yín, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán yín, kódà bó jẹ́ pé ọ̀tá yín ló rán an.

Lọ́jọ́ kejì, Muhydeen yà sílé Limota bó ṣe ń lọ sí ibùdókọ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan. Ó gbé abọ́ Limota, èyí tó fi gbé oúnjẹ lọ sílé, lọ́wọ́. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Limota dìde dúró. Ó ń dúró de ohun tí Muhydeen máa sọ. Gbogbo èébú Ọ̀kà ni ọkùnrin yìí mọ̀, ó ti fẹnu ara rẹ̀ ka díẹ̀ nínú wọn lánàá. Kó yan èyí tó bá wù ú. Limota fẹ́ kó yan èyí tó burú jù.

Muhydeen kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá," ó ní, lédè Yorùbá, "ẹ ṣeun fún oúnjẹ."

Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì ń tiro lọ.